Iyọ̀ Títọrọ ní Wawa

Wawa ni wọ́n ń pe ìlú náà.
Àyìnkẹ́ rẹ́rìn-ín títí ó fi di ìhà mú:
"Ìlú tó ń pe èèyàn pé wá, wá,
ṣé a lè ní a ò gbọ́?"
Pẹ́pẹ́yẹ onírin kan dúró lẹ́bàá títì,
ọrùn gígùn, ó na ìyẹ́ apá bí ẹni fẹ́ dì mọ́ wa.
Mo tẹ búréèkì.

Ilé wa náà dúró lẹ́yìn wa.
Bí ìgbín bá fà, ìkarahun a tẹ̀ lé e.
Ibùsùn kan, sítóòfù olójú méjì,
fìríìjì tí kò ju àpótí ọmọ iléèwé lọ,
omi tí à ń wọ̀n lò bí ẹni ń wọn òróró.
Ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n ni mo fi gbé ẹrù ẹlòmíràn
nílé ìkẹ́rùsí kan ní Brampton, láti àṣálẹ́ mọ́jú.
Ìyẹn ẹrù, èyí náà ẹrù,
ṣùgbọ́n èyí, èmi ni mo ni ín,
èmi àti báńkì.

Alẹ́ àkọ́kọ́ la rí i pé a gbàgbé iyọ̀.
A rántí ata, a rántí gàrí, ẹ̀pà wà nínú ìgò,
Àyìnkẹ́ tilẹ̀ di irú sínú ọ̀rá mẹ́ta
kí òórùn rẹ̀ má baà dá ẹjọ́ sílẹ̀.
Iyọ̀, rárá.
Ẹyin mẹ́rin wà lórí iná, wọ́n ń wojú wa.

Mo kan ilẹ̀kùn ọkọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa.
Ọkùnrin kan yọjú, irùngbọ̀n funfun bí òwú,
bàtà wà lẹ́sẹ̀ kan, èkejì wà lófìfo.
Lorne lorúkọ rẹ̀. Kò bi mí níbi tí mo ti wá.
Ó ní, "Oníyẹ̀fun lẹ fẹ́ ni, àbí oníhóró?"
Ọdún mọ́kàndínlógún lójú títì kan náà ní Brampton,
n kò mọ orúkọ ẹni tó ń gé koríko lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.
Oòrùn ò tíì wọ̀ níbí tán,
mo ti jẹ iyọ̀ ẹnìkan.

Aago mẹ́rin ìdájí, ara mi jí kí n tó jí.
Ọwọ́ mi ń wá bàtà iṣẹ́ nínú òkùnkùn.
Àyìnkẹ́ ní, "Ta ló pè ọ́?"
N kò rí èsì fọ̀. Mo jáde.
Adágún náà fẹ̀ débi pé mo kí i bí ẹni kí òkun.
Omi rẹ̀ ń lá òkúta, ó ń lá a,
bí ajá tó ń lá àwo tó ti ṣófo.
Mo jókòó tì í títí ilẹ̀ fi mọ́.

Lọ́sàn-án, gàrí la mu.
Omi tútù tó ń ta eyín, ẹ̀pà ń léfòó,
ẹ̀fọn ń yán-ùn létí, à ń fi ṣíbí lé wọn.
Bernadette, ìyàwó Lorne, tọ́ ọ wò,
ó ní bí iyanrìn etí omi bá dùn tó báyìí ni,
òun ì bá ti jẹ ẹ́ tán ní kékeré.
Ó lọ, ó gbé ìdajì ẹja dé.
Àyìnkẹ́ fi ata sí i láìṣàánú.
Lorne jẹ ẹ́, omi bọ́ lójú rẹ̀,
ó tún na àwo.

Ọjọ́ kẹta, a ò ṣe nǹkan kan.
Òjò rọ̀ díẹ̀ sórí páànù,
ohùn kan náà tó ń fọ̀ lórí ilé bàbá mi n'Íkìrun.
Àyìnkẹ́ sùn, ẹnu rẹ̀ là díẹ̀.
Mo bó ọ̀dùnkún mẹ́ta, mo sè é, mo fi bọ́tà sí i.
Ìbídàpọ̀ pè láti Calgary:
"Bàbá mi, kí lẹ rí níbẹ̀?"
Mo ronú dáadáa. Mo ní, "Ọ̀dùnkún."
Ó ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dára, òun á tún pè.

Lọ́la la máa lọ, tàbí lọ́túnla.
Ìgò iyọ̀ Lorne ṣì wà lórí tábìlì.
Àyìnkẹ́ ní kí n lọ dá a padà.
Mo ní ó di alẹ́:
ẹyin méjì ṣì kù.